Òkè Tí Bàbá Ṣakí Gùn Nínú Yàrá Ẹ̀rọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó dìgbà tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ìdálẹ̀, ẹ ní kó wá bi mí. Èmi ò la òkun kọjá. Àbújá ni mo lọ láti Ìwó, nínú Nàìjíríà tí gbogbo wa jọ ń gbé, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo jí síbẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti jáde nílé.

Mo pàdé ìyá àgbàlagbà kan lójú ọ̀nà, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìyá náà dúró. Ó wo ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tó rò pé ó jábọ́ lọ́wọ́ mi. Igi ìdáná ló rù, kò sì gbé e lé orí, èjìká ló gbé e kọ́. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Gbàgyí, àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá, ṣe ń ru ẹrù. Wọ́n ní orí ni olórí ara, a kì í sọ olórí di alárù. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi débi pé mo bínú sí gbogbo garawa omi tí ìyá mi ti gbé rù mí láti kékeré. Nígbà tí àwa méjèèjì ò rí nǹkan kan nílẹ̀, ó fi Haúsá kí mi pé, "Sànnu," mo ní, "Ẹ ṣé, mà," oníkálukú sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nígbà yẹn, ìjọba ò tíì kó ẹrù rẹ̀ tán l'Ékòó. Àbújá dà bí ilé tí onílé kó wọ̀ kí wọ́n tó fi ilẹ̀kùn sí i: títì ńlá tí kò lọ síbì kan, ilé gogoro tí ewúrẹ́ ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀, eruku pupa lórí ohun gbogbo. Ní Wuse, ọjà wà, báńkì wà, takisí tí a ń há ara wa sínú rẹ̀ wà. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò kí mi. Ní Ìwó, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà, màá ti kí àdúgbò tán, àkàrà á sì ti tutù kí n tó gbé e délé. Ní Àbújá, mo lè jáde láàárọ̀ kí n wọlé nírọ̀lẹ́ láìgbọ́ "ẹ kú ojúmọ́" kan ṣoṣo. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kí ara mi nínú dígí, tí mo sì dá ara mi lóhùn.

Bàbá Ṣakí ló gbà mí lọ́wọ́ dígí náà. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣèpàdé ní Jikwoyi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, òun náà sì ni ọ̀gá àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé káàkiri agbègbè yẹn. Ọkùnrin gíga ni, tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Obìnrin kan tí a jọ wọ takisí ló mú mi lọ sí ìpàdé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kúùjókòó, sà."

Bàbá wò mí. "Ọmọ Ìwó nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ló tún máa kí èèyàn bí ẹni ń kọrin? Níbo lò ń gbé?"

Mo ní mo háyà yàrá lọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan tí n ò gbọ́ èdè wọn, tí wọn ò sì gbọ́ tèmi. Bàbá yíjú sí igbákejì rẹ̀, Múfú, ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, tó ń wa típà tí wọ́n fi ń kó yanrìn. "Múfú, gbé mọ́tò, lọ bá a kó ẹrù rẹ̀. Ṣé a ó wà láyé kí ọmọ èèyàn máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni?" Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti ní yàrá nínú ọgbà Bàbá, mo sì ti ní ẹni tí màá kí láàárọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé Bàbá kì í kánjú fún ohunkóhun. Tí òjò bá ń bọ̀, tí gbogbo wa ń sáré ká aṣọ, òun á máa rìn bọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní àgbàlagbà tó bá ń sáré, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá ni fọ́tò yíyà, kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó o. Mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́síréè ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àbújá sì ń wá ẹni tí wọn yóò kọ́ ní ẹ̀rọ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ̀lú. Mo rò pé mo mọ fọ́tò inú ara. Ẹ̀rọ yìí fi hàn mí pé ọmọ ilé ìwé ni mí síbẹ̀. Ẹ́síréè, ìta ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá tó ń gba ara kọjá. Ti kámẹ́rà tuntun yìí yàtọ̀: a óò gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní tálíọ́ọ̀mù, ẹ̀jẹ̀ á gbé e wọ inú ẹran ọkàn, oògùn náà á sì máa rán ìtànṣán tí ojú ò lè rí jáde láti ibẹ̀. Gbígbà ni kámẹ́rà ń gbà á. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé á mọ́lẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á ṣókùnkùn. Tẹ́lẹ̀, dókítà á gbé etí lé àyà, á wo ìlà tí ẹ̀rọ kékeré ń fà sórí bébà, á wá fi òye gbé ìyókù. Ní báyìí, ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ebi ti ń pa á.

Oògùn náà níwà. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe é lókè òkun ló ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí fíríìjì tó lè gbà á sílẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú á gbé e dé Èkó, wọ́n á tún gbé e wá bá wa, nínú àpótí òjé kékeré kan tó wúwo bí ọmọ tó ń rákòrò. Ọjọ́ tó bá dé, kò sí "mò ń bọ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó dìgbà tí òmíràn bá tún dé, ìyẹn sì lè pẹ́ gan-an.

Ará Íńdíà ni dókítà tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ọkùnrin kúkurú onísùúrù kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ Haúsá kó tó wá sí Àbújá, tó sì máa ń da Haúsá pọ̀ mọ́ Píjìn bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Mo máa ń pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé níbi tí a ti ń tò láti lo tẹlifóònù. Òun ń pe ìyàwó rẹ̀, èmi ń pe ìyá mi. Alhaji kan ládùúgbò wa ní Ìwó ló ní tẹlifóònù, wọ́n á sì ti ránṣẹ́ pe ìyá mi kó wá jókòó tì í.

"Ṣé ò ń jẹun?" ìyá mi á bi mí.

"Mò ń jẹun dáadáa, mà."

"Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n tiẹ̀ ń fún ẹ ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ya fọ́tò ọkàn, mà."

"Ọkàn èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run nìkan ló ń rí ọkàn. Má bá a du iṣẹ́ ẹ̀ o."

Mo ṣàlàyé pé ẹran ara tó ń lù nínú àyà ni mò ń sọ. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá rí tòun níbẹ̀, kí n má sọ ohun tí mo rí fún bàbá mi. Mo rẹ́rìn-ín títí owó ẹyọ mi fi tán nínú ẹ̀rọ. Dókítà bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo sọ fún un, ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá òun sọ nígbà tí òun kọ̀wé sí i.

Àwa méjèèjì jọ rìn padà lọ́jọ́ náà. Ìdálẹ̀ tèmi ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí n bá wọn jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Ìwó. Síbẹ̀ ohun kan náà ló ń ṣe wá. Mo ti gbọ́ Haúsá débi tí mo fi lè ná tòmátì ní Wuse, ẹni tó ń tà á sì ti dá mi lóhùn pé "Yauwa!" tí inú mi dùn bí ẹni yege ìdánwò. Mo ti lọ sí Ushafa lọ́dọ̀ àwọn Gbàgyí lọ ra ìkòkò omi, mo sì gbé e lé èjìká wálé láìfọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mímọ ọ̀nà ìlú kò sọ ìlú di tèèyàn. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá ń retí kí o wọlé. Ẹni tó ń retí mi ní Àbújá kò ju Bàbá Ṣakí lọ.

Mo ti ń lo ọdún kejì lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo kíyè sí i pé Bàbá ń dúró lójú ọ̀nà. Tí a bá jọ ń bọ̀ láti ìpàdé, ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á tẹ́ ọwọ́ lé e, á máa wò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń wò ó bóyá ó tọ́. Ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí ògiri mẹ́ta, tí kò sì sí èyí tó jẹ́ òun ló kọ́ ọ, ni mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì. Àyà ló gbé e lé.

Dókítà kan níbòmíràn ti sọ fún un pé ó dà bíi pé apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú, kó lọ sílé lọ sinmi. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í jìnnà sí etí obìnrin ilé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràfíù, tó wà ní Ṣakí, ti gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún bọ̀ ló ń jíṣẹ́ kan náà: àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwọn ọmọ ti tún yàrá Bàbá kùn, kó máa bọ̀.

"Yàrá tí wọ́n kùn," Bàbá ní nígbà tí mo bi í, "kí ni wọ́n fẹ́ kí n lọ ṣe nínú ẹ̀? Kí n jókòó, kí n máa wo ojú ọ̀nà títí ọlọ́jọ́ á fi dé? Mo ṣì ní ilé mẹ́ta lórí ìpìlẹ̀ níbí."

Mo lọ bá Dókítà. Ó ní kámẹ́rà wa lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹran ọkàn tó kú yàtọ̀ sí èyí tí ebi ẹ̀jẹ̀ kàn ń pa. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, a jẹ́ pé kí Bàbá lọ sílé lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ebi ni, oògùn wà tó lè ràn án lọ́wọ́, yóò sì lè dúró. Àfi kí ó wá ṣe àyẹ̀wò náà lọ́jọ́ tí oògùn bá dé, kó rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ kan tó ní rọ́bà tó ń yí, títí ọkàn á fi ṣiṣẹ́ dé góńgó, nígbà náà la ó gún abẹ́rẹ́.

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde. "Mo ti gbọ́ nípa yín. Ẹ̀yin lẹ ń mú àgbàlagbà sáré lójú kan bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọmọ Oníkòyí ni mí. Ìdílé wa kì í sá."

Mo jíṣẹ́ fún Dókítà. "Kai! Who say make he run?" ni ó wí. Ó ní òun lè gbé iwájú ẹ̀rọ náà sókè, kí Bàbá máa rìn bí ẹni ń gun òkè. Mo padà sílé.

"Wọ́n ní ẹ ò ní sáré, sà. Òkè lẹ máa gùn."

"Òkè wo?"

"Inú yàrá ló wà, sà."

"Kí ló wà lórí ẹ̀?"

"Fọ́tò ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi di àyà mú, ẹ̀rín tèmi sì dúró lójú kan náà. "Kò burú," ó ní nígbà tó mí tán. "Gígun òkè kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá lọ."

Ọjọ́ tí oògùn dé, Bàbá wọ agbádá wá sí ilé ìwòsàn. Múfú tẹ̀lé e, àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjì tẹ̀lé Múfú, wọ́n sì jókòó sí kọ́rídọ̀ bí ẹni wá tọrọ ìyàwó. Dókítà gbà kí ẹnì kan péré wọlé, Múfú ló wọlé. A bọ́ agbádá, a bọ́ bùbá, a lẹ wáyà mọ́ àyà Bàbá. Ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti sọ mí di rédíò."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá di irin iwájú mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ kí ọba. Nígbà tí ẹ̀rọ yára díẹ̀, tí mo rí i tó ta gìrì, ẹnu mi sọ ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré: "Ẹ rọra, sà." Bàbá rọra lóòótọ́. Rọ́bà gbé e sẹ́yìn. Dókítà kígbe, "No tell am slow!" Mo bu ètè jẹ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, òógùn bọ́ sí iwájú orí Bàbá, "Ẹ rọra" tún ti dé ètè mi, mo fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ mọ̀ bí àwa ṣe rí. Bí àgbà bá ń gbé ẹrù tó wúwo, tí ẹni tó kéré sí i dúró tó ń wò ó, kì í ṣe ẹni náà nìkan là ń bú, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ là ń bú. Mo gbàgbé pé ọmọ ilé rere ni Múfú. Iwájú ẹ̀rọ gòkè, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, nọ́ọ̀sì ti gbé abẹ́rẹ́ dání, Dókítà ń wo ìlà lórí bébà. Múfú ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín gun èyí tó kù!" Kí n tó lanu, ó ti fò gun orí rọ́bà, ó ti gba irin lọ́wọ́ Bàbá, ó ń rìn lọ tagbáratagbára. Bàbá sì ti sọ̀kalẹ̀, wáyà ń já bọ́ lára rẹ̀, ó ń sọ pé, "O ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Dókítà gbójú sókè. Ó rí Múfú. "Who be this one?"

Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló ṣẹ́gun. Nọ́ọ̀sì bá mi rín in. Múfú ń rìn lọ ní tirẹ̀, ó ń bi wá bóyá ó kù púpọ̀. Dókítà náà gbìyànjú láti bínú, kò rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ bí ọkàn Bàbá ṣe ń lù, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ó ti rẹ Bàbá, bí kò bá lè gun òkè náà lẹ́ẹ̀kejì lónìí, oògùn yìí á kú, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí òmíràn á dé. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Múfú dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá wà lórí àga, ó ń nu òógùn. "Dìde," ó ní. "Ẹni tó tọ́ ẹ tọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n, Múfú, bí ebi bá ń pa mí, ṣé ìwọ lo máa jẹun tí màá fi yó?"

"Rárá, Bàbá."

"Èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ dúró dè mí níta."

Múfú jáde, bàtà lọ́wọ́. Bàbá sinmi díẹ̀, ó mu omi díẹ̀, ó sì dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. A tún wáyà lẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gùn ún. Dókítà ń bi í lóòrèkóòrè, "Baba, pain dey?" torí ìgbà tí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá yá jù, fọ́tò á purọ́. Bó bá pẹ́ jù, ó lè ṣe Bàbá ní jàǹbá.

"A dúpẹ́," Bàbá ní.

Iwájú ẹ̀rọ tún gòkè. "Baba, pain dey?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Èmi mọ "a dúpẹ́" yẹn. Ọmọ Yorùbá lè wà lórí ẹní kí ibà máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, bí o bá ní báwo ni ara, "a dúpẹ́" ni yóò sọ, torí a kì í fẹnu ara ẹni pe àìsàn. Dókítà ò gbé ojú kúrò lórí bébà. "The line dey change," ó ní fún mi. "Ask am well well."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà níbi tí ojú Bàbá ti lè bá tèmi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ báyìí. Ọlọ́run ti gbọ́. Èmi ni kí ẹ dá lóhùn. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ó ń dùn yín?"

Ó gun òkè rẹ̀ lọ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó wò mí nílẹ̀.

"Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, omi sì bọ́ lójú mi. "Now!" Dókítà ní. Oògùn wọlé. Ó ṣì ní láti rìn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e dé inú ọkàn, èmi tí kò mọ̀ ju "ẹ rọra" lọ sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo fún àgbàlagbà pé, "Ẹ máa lọ, sà! Ẹ máa lọ! Ó kù díẹ̀!" Ó sì ń lọ, títí Dókítà fi gbé ọwọ́ sókè.

A tẹ́ ẹ sábẹ́ kámẹ́rà. Fọ́tò náà kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni yóò máa bọ́ sójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò máa kóra jọ títí wọ́n á fi di ọkàn. Ọkàn Bàbá jáde, ó tóbi bí olówó rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibì kan ṣókùnkùn.

Dókítà ò sọ nǹkan kan ju pé ká dúró. Bí ọkàn bá sinmi fún wákàtí mẹ́rin, oògùn náà á rọra wọ ibi tí ebi ti ń pa. Ibi tó ti kú kò ní gbà á. Fọ́tò kejì ló máa sọ èyí tí Bàbá jẹ́.

A jókòó sí kọ́rídọ̀, èmi àti Bàbá, Múfú àti àwọn àgbà wà lápá kejì. Ẹ̀rù ń bà mí fún un, ẹ̀rù sì ń bà mí fún ara mi, n ò ní í purọ́. Bí Bàbá bá lọ, ta ni màá kí láàárọ̀?

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ilé," ó ní lójijì, bí ẹni tí mo bi léèrè. "Gbogbo ọdún ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí. Àwọn tí a jọ ṣeré níbẹ̀ ti lọ tán. Níbí, bí mo bá yíjú síhìn-ín, ògiri tí mo kọ́ nìyẹn, bí mo bá yíjú sọ́hùn-ún, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ nìyẹn. Bí mo bá máa padà sílé, kó jẹ́ pé ilé ló wù mí. Kó má jẹ́ pé àìsàn ló lé mi débẹ̀."

Mo gbé agbádá rẹ̀ lé e léjìká torí kọ́rídọ̀ náà tutù.

Nígbà tí àkókò tó, mo tún tẹ́ ẹ, mo gbé kámẹ́rà sí i láyà, mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Òkè ọkàn kọ́kọ́ kún, ẹ̀gbẹ́ kún. Ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn síbẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́ síbẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ àṣìṣe. Òmíràn bọ́, òmíràn tún bọ́ tẹ̀lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe adìẹ wálé: ẹ wá, ẹ wá, ẹ wá. Wọ́n sì ń wá. Ibi tó ṣókùnkùn ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mi, títí n ò fi lè nawọ́ sí ibi tí òkùnkùn wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

N ò mọ ìgbà tí Dókítà dé ẹ̀yìn mi. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Yauwa!"

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Bàbá, èmi ń túmọ̀. Ó ní àìsàn wà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ibẹ̀ ti há. Oògùn ni Bàbá yóò máa lò lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́, kó jókòó sórí àga kó máa pàṣẹ. "Ṣùgbọ́n ẹran náà wà láàyè," mo túmọ̀ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó wù mí láti sọ ọ́. Bàbá bi mí pé ṣé Dókítà ka ohùn òun mọ́ àwọn ohun tí òun ò gbọdọ̀ lò mọ́. Mo ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ò tíì bàjẹ́ nígbà náà." Ní kọ́rídọ̀, Múfú di Dókítà mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a jọ tò fún tẹlifóònù, Bàbá, Dókítà àti èmi. A ti ránṣẹ́ sí Ìyá Ràfíù kó wá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣakí. Nígbà tí ó kan Bàbá, ohùn ìyá náà lọ sókè débi pé Bàbá ní láti gbé tẹlifóònù jìnnà sí etí, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ.

"Wọ́n ti yẹ̀ mí wò," Bàbá pariwo. "Ó wà láàyè!"

"Ta ló wà láàyè?"

"Èmi! Èmi ni mo wà láàyè!"

Ìyá Ràfíù bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Ó dáa o. Ọjọ́ wo lẹ wá ń bọ̀? Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

Bàbá gbé tẹlifóònù sún mọ́ ẹnu. Àwọn tó tò lẹ́yìn wa na ọrùn wá gbọ́.

"Ìyá Ràfíù, èmi ò bọ̀. Ìwọ ni kó o máa bọ̀."

Mo rò pé tẹlifóònù ti gé. Bàbá gbé e mọ́ etí, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó pẹ́, ohùn ìyá náà tún wọlé, ó ti rọlẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Ẹrù wo ni kí n dì?"

"Di gbogbo ẹ̀," Bàbá ní.